Ojú Ìwé Wo?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ọ̀dọ́ òǹkàwé, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ bá wọn wá, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ, ìyẹn èrò àwọn ọ̀dọ́ lórí ìwé ìtàn tó kún fún idán àti iwin, kò ṣàjèjì sí mi. Ó ti lé ní ọdún 10 tí èmi àti àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 ti jọ ń yí tábìlì kan ká, tí a ń ka ìwé ìtàn, tí a sì ń bá ara wa jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ọmọ kan. Ní ọdún 1936, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan wà ní London, Stanley Unwin ni orúkọ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ ìwé ọmọdé dá lẹ́jọ́ tó ọmọdé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìtàn kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oxford kọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé e lé Rayner ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 10 ni Rayner nígbà náà. Ó kà á, ó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀: ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà ní ṣókí, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì kọ, ó ní bí wọ́n bá ti fi máàpù sí i, kò nílò àwòrán mọ́. Ó ní ìwé náà dára, àti pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9 yóò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fún un ní ṣílè kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé náà ni The Hobbit tí J.R.R. Tolkien kọ. Ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1937, títí di òní ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn ṣe dáadáa. Ọmọ ọdún 10 ló ń sọ pé ìwé náà bá ọmọ ọdún 5 sí 9 mu. Lójú ara rẹ̀, òun ti kúrò níbẹ̀! Síbẹ̀ kò tìtorí ìyẹn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tó dára ni, ó sì sọ ẹni tó yẹ kó lọ bá. Mo ti ka àríwísí tí àwọn àgbà kọ tí kò lè ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀: ohun tí èmi fẹ́, àti ohun tó dára fún ẹlòmíràn. Lóòótọ́, ó ṣì í ní ti ọjọ́ orí, nítorí àwọn tó ju ọdún 9 lọ fíìfíì ló ń ka ìwé náà. Ìyẹn ò bà á jẹ́. Nígbà tí Rayner dàgbà, ó wọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, òun ló sì dúró ti The Lord of the Rings, ìwé tí Tolkien kọ tẹ̀lé e, títí tó fi jáde láàárín 1954 sí 1955. Ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ pàdánù 1,000 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pé bó bá dá a lójú pé iṣẹ́ ńlá ni, kó pàdánù 1,000 pọ́n-ùn náà. Mo máa ń ronú pé ọjọ́ tí wọ́n ti fún ọmọ yẹn ní ṣílè kan, tí wọ́n sì gba èrò rẹ̀ bí èrò ènìyàn, ni lẹ́tà yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ìwé wo là ń sọ gan-an? Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, ìtàn mérìíyìírí ni wọ́n ń pè é: ìtàn tí idán, iwin, drágónì, ẹranko tó ń fọhùn, àti ayé mìíràn tí kì í ṣe ayé tiwa yìí, ti ń rìn bí ohun ojoojúmọ́. D.O. Fágúnwà ti fi irú rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láti 1938. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń kọ fún ọ̀dọ́ ní pàtàkì ní àmì tirẹ̀. Ẹni tí ìtàn dá lé lórí sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọdún 14 sí 18. Agbára kan máa ń jí lára rẹ̀ ní àkókò tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà. Àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ó ti kú, tàbí wọ́n ti parọ́ fún un láti kékeré. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fi í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí ẹni ń gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbèjà ìwé náà, bí wọ́n bá sì kórìíra rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà ni.

Rayner nìkan kọ́ o. Ní nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé Bloomsbury, Nigel Newton, mú orí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kan lọ sílé, ó sì kó o fún Alice ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 8. Ọmọbìnrin náà gòkè lọ sí yàrá rẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan, ohun tó ní í sọ ni pé kò sí ìwé mìíràn tó tó o, ó sì ń béèrè ìyókù. Ilé ìtẹ̀wé mélòó kan ti ní àwọn ò fẹ́ ìtàn yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwé Harry Potter àkọ́kọ́ tí J.K. Rowling kọ ni. Ó jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1997, ẹ̀dà 500 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ní ẹlẹ́yìn líle. Ẹ tún gbọ́ ti Christopher Paolini. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Eragon, ìtàn ọmọkùnrin kan àti drágónì rẹ̀. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n ń gbé e kiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyàwó Carl Hiaasen, òǹkọ̀wé kan, ka ẹ̀dà kan níbi tí wọ́n ti lọ lo ìsinmi ní Montana, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Hiaasen ta ilé ìtẹ̀wé Knopf lólobó, nígbà tó sì di 2003, ìwé náà jáde lọ́wọ́ wọn.

Mo ń sọ ìwọ̀nyí nítorí pé àwọn àgbà kan ṣì ń gbọ́ èrò ọ̀dọ́ lórí ìwé bí ẹni ń gbọ́ eré ọmọdé: wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì lọ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nǹkan kan tún wà tó máa ń dùn mí nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Inú ilé ni ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí wà. Bàbá ọ̀kan ní ilé ìtẹ̀wé, bàbá èkejì ní ilé ìtẹ̀wé, ọkọ ìyá ẹ̀kẹta jẹ́ òǹkọ̀wé. Ọmọ mélòó ló ti ka ìwé, tó sì ní èrò tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò rí ẹni bi í léèrè? Nítorí tiwọn ni a ṣe ń kó ara wa jọ yí tábìlì ká.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí ibi tábìlì yẹn.

Ọmọbìnrin ọdún 14 kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá ti ka ìwé kan tán, á ní, "Ó dùn, mà." Tàbí kó ní, "Kò dùn, mà." Ó parí. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé ńlá kan lé orí tábìlì, ó tì í kúrò níwájú ara rẹ̀, ó ní, "Ó sú mi, mà." Mo bi í pé, "Ojú ìwé wo ló ti sú ọ?" Mo rò pé yóò kàn mirí ni. Ó fa ìwé náà padà mọ́ra, ó ṣí i. Ó ti ká etí ojú ìwé náà; 212 ni. Ó fi ìka sí ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀.

Níbẹ̀, akọni ìtàn náà wà nínú ihò àpáta. Àwọn ọ̀tá ti dí ẹnu ọ̀nà. Idà rẹ̀ ti ṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfi bí iná aláwọ̀ búlúù kan ṣe ṣàdédé là ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó sì jó gbogbo wọn ráúráú.

Ọmọ náà ní, "A ò gbọ́ nípa iná yìí rí. Láti ojú ìwé 140 ni àyà mi ti ń já fún un. Mi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mà, mo ń ro ọ̀nà tó máa gbà jáde. Òǹkọ̀wé wá kàn fún un ní iná. Ẹ̀rù tó bà mí yẹn, lásán ló bà mí."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìwé náà dé góńgó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i sẹ́yìn, ó ń wá bóyá iná náà ti fara hàn níbì kan ṣáájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. Ojú ìwé 31: ìyá àgbà akọni náà di ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì yára tú u sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jó. Ìlà kan péré. Ó pariwo, "Ẹ wò ó níbí!" Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, "Ó kéré jù." Ọmọkùnrin ní ó tó. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fi jiyàn lórí bóyá ìlà kan lè gbé iná tó jó odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àwọn yòókù pín sí méjì. Nígbà tí a fi máa dìde, ẹni tó ní "ó sú mi" ti sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ohun tí àwọn ọmọ méjì yìí ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn mérìíyìírí fúnra wọn ń fà ni. Brandon Sanderson kọ àròkọ kan lórí rẹ̀ ní 2007. Kókó ohun tó wí ni pé bí idán bá ṣe yé òǹkàwé tó, ni òǹkọ̀wé ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yọ akọni nínú ewu tó. Ọmọbìnrin yẹn ò gbọ́ orúkọ Sanderson rí. Ojú ìwé 212 ló kọ́ ọ.

Mi ò sọ pé gbogbo idán ló gbọ́dọ̀ ní òfin tí wọ́n tò sílẹ̀ bí òfin ìṣirò o. Ta ló ṣàlàyé agbára Gandalf, oṣó inú The Lord of the Rings, fún wa tán? Kò sẹ́nì kan, kò sì ba ìtàn náà jẹ́, nítorí kì í ṣe Gandalf ló gbé òrùka búburú inú ìtàn náà dé ibi tí wọ́n ti máa pa á run. Àwọn ẹni kúkúrú méjì ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín, nínú ebi àti òǹgbẹ. Ursula K. Le Guin gba ọ̀nà mìíràn nínú A Wizard of Earthsea tó jáde ní 1968: ẹni tó bá mọ orúkọ tòótọ́ tí nǹkan ń jẹ́ ló lágbára lórí rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá lo agbára yẹn, ó ń yẹ ìwọ̀n ayé. Ọ̀dọ́langba tó wà nínú ìtàn náà fi ìgbéraga pe ohun tí kò yẹ kó pè, ó sì ń sá fún un jákèjádò omi òkun. Ìbéèrè tí mo máa ń fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ wá láti ibẹ̀: kí ni idán yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò gba nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá ìtàn náà kò ti máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín láti orí kẹta.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà tí kì í tán. C.S. Lewis kọ ìwé méje nípa ayé kan tó ń jẹ́ Narnia. Nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, ní 1950, àwọn ọmọ mẹ́rin gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bọ́ sí ayé náà. Èyí tó sọ bí ayé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jáde títí di 1955. Ní 1957, ọmọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí Lewis. Ìyá rẹ̀ ní bí ìwé ṣe jáde ni kí wọ́n kà á; òun ní bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀léra ló yẹ. Lewis dá a lóhùn pé òun fara mọ́ ti ọmọ ju ti ìyá lọ, ó sì fi kún un pé ó lè máà fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Lewis kú ní 1963. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé HarperCollins tún ìwé méjèèje tẹ̀ ní 1994, bí ọmọ yẹn ṣe fẹ́ ni wọ́n to nọ́ńbà wọn. Ẹ rí ibi tí lẹ́tà ọmọdé kan dé?

Ẹ̀yìn ìyá ni èmi wà, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Nínú ìwé 1950, Lucy, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà, rìn nínú yìnyín láàárín igbó, ó sì bá òpó iná kan tó ń tàn níbi tí kò sí títì, tí kò sí ilé. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró níwájú òpó iná yẹn láìmọ ẹni tó rì í mọ́lẹ̀, kí ó yà á lẹ́nu bó ṣe ya Lucy lẹ́nu. Ìwé 1955 ló ṣàlàyé òpó náà. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ ka ìyẹn ti pàdánù ìyàlẹ́nu náà. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún 13 kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò pàdánù nǹkan kan. Nígbà tí Lucy rí i, ó ṣe é ní kàyéfì. Nígbà tí èmi rí i, inú mi dùn, mo ní: o ṣì wà níbí!" Mi ò rí èsì fún un. Mi ò tíì rí i títí di òní. Mo ṣì gbà pé ti ìyá ló dára jù, àmọ́ bí mo bá ti dé ibi òpó iná yẹn, ohùn ọmọ náà ni mo ń gbọ́.

Mo fẹ́ kí a tún sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tó le díẹ̀. Èrò tí kò ní ojú ìwé lẹ́yìn lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ẹ rántí The Hunger Games tí Suzanne Collins kọ ní 2008. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni, idán ò sí nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn òǹkàwé kan náà ló ń kà á. Collins kọ ọ́ kedere pé awọ ara Rue, ọmọdébìnrin kan nínú ìtàn náà, dúdú. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 2012, tí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ṣe Rue, àwọn òǹkàwé kan bọ́ sórí Twitter, wọ́n ń bínú pé wọ́n yí Rue padà. Wọ́n ti sunkún lórí ikú ọmọ yẹn nínú ìwé. Wọn ò rí i rárá. Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ sí Le Guin náà: ó kọ akọni rẹ̀ ní aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń ya òyìnbó sẹ́yìn ìwé rẹ̀, tó ń bínú sí i.

Ní oṣù kìíní 2019, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Amélie Wen Zhao dá ìwé mérìíyìírí rẹ̀ àkọ́kọ́, Blood Heir, dúró kó tó jáde, nítorí ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹrú. Àwọn kan ti rí ẹ̀dà ìṣáájú kà. Ọ̀pọ̀ tó dara pọ̀ mọ́ ariwo náà kò tíì fojú kan ìwé tí kò tíì sí lórí àtẹ. Zhao tún ìwé náà yẹ̀ wò, ó sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ohun tó burú nínú ìwé, ẹ sọ ọ́, ẹ má bẹ̀rù, kódà bí gbogbo ayé bá ń yìn ín. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ó jẹ́ ojú yín ló kà á. Ẹni tó kọ ìwé náà lè jẹ́ ọmọ ọdún 25 tó ti ń kọ ọ́ láti ìgbà tó wà ní ọjọ́ orí yín.

Ní ti ìràwọ̀ tí ẹ fi ń díwọ̀n bí ìwé ṣe dára tó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan fún ìwé nítorí pé òpin rẹ̀ yá jù, àti ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹlòmíràn fún un nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fa gùn jù, ìràwọ̀ kan náà ni lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ kọ gbólóhùn méjì sí i. Bí ẹ bá sì máa tú àṣírí òpin ìtàn, ẹ kìlọ̀ kí ojú ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀.

Mo ní láti mẹ́nu ba ìwé kan tó kan àwa tí a ń sọ èdè yìí gbọ̀ngbọ̀n. Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde ní 2018. Nínú ayé tó dá, idán ti kú, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zélie sì ń wá bó ṣe máa padà. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe idán náà. Àìmọye ọ̀dọ́ ló kà á bí ohùn àjèjì tó lẹ́wà. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin kan ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ sókè, ó dúró, ó tún un kà, ó ń dán ohùn rẹ̀ wò lókè àti nísàlẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá kà á báyìí, àdúrà ni. Bí ẹ bá kà á báyìí, kò nítumọ̀." Àwọn tí kò gbọ́ èdè náà yí ojú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kó tún un kà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má fi ohun tí wọ́n mọ̀ láti ilé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé. Ẹni tó ti tọ́jú ẹṣin rí mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti purọ́ nípa ẹṣin. Ẹni tó ti sin òbí rẹ̀ mọ ibi tó ti sọ òótọ́.

Ó wá ku ẹ̀yin àgbà, àti èmi náà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti kàwé, mo ti múra sílẹ̀, mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé ohun tí ìkookò inú ìtàn kan dúró fún, mo sọ ọ́ yékéyéké. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, mo rí ọmọkùnrin kan tó mú bébà kan lọ́wọ́, tó ti kọ nǹkan kún un ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ń wò mí, ó ń wo bébà rẹ̀. Ó ká a ní méjì, ó ká a ní mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Nígbà tó kàn án, ó ní òun fara mọ́ ohun tí mo wí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n rí ohun tó kọ. Ó ní òun ti sọ ọ́ nù. N kò ní mọ ohun tí ìkookò yẹn jẹ́ fún un láéláé. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, bí àkókò bá sì ti lọ, n kì í sọ ọ́ rárá.

Àwọn òbí kan máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń bi mí bóyá idán inú ìwé kò ní fa ọmọ wọn síbi tí kò yẹ. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe tuntun: gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, ALA, àwọn ìwé Harry Potter ni àwọn ènìyàn fi sùn jù lọ láàárín 2000 sí 2009 pé kí wọ́n kó kúrò lórí àtẹ. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, kí wọ́n ka orí mẹ́ta, kí wọ́n sì dá a padà fún un pẹ̀lú ìbéèrè kan. Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kà á tán pátá, ó sì padà wá béèrè ìwé kejì lọ́wọ́ mi kí ọmọ rẹ̀ tó béèrè.

Ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ ALA yìí kan náà, YALSA, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Teens' Top Ten. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ òǹkàwé ló ń yan àwọn ìwé tó máa wọlé sínú rẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 ló sì ń dìbò yan 10 tó gba iwájú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò nílò owó ńlá. Ẹ lè ṣe é láàárín ara yín, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ péré, kí ẹ sì kọ ìdí tí ìwé kọ̀ọ̀kan fi wọlé, àti ìdí tí àwọn kan fi takò ó, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ padà kà á. Ẹ ó rí ẹni tí ẹ jẹ́ nígbà náà.

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo sì ti ń wo ọmọkùnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó di ìwé kan mọ́ àyà, tí ìka rẹ̀ wà láàárín ojú ìwé rẹ̀ kó má bàa sọnù. Ìwọ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Máa bọ̀ níwájú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó kọjá. Jókòó síbí. Ṣí ibi tí ìka rẹ wà. Ojú ìwé wo ni?